Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Gbọ̀ngàn Ìpàdé: Omi, Òfin àti Ẹni Tí Kò Lè Gun Àtẹ̀gùn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó wà nílẹ̀ lónìí. Yorùbá kì í fẹ́ pe nǹkan yìí ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, àdàpè ni; ẹni tí ó bá sì wà láàárín àwùjọ yóò ní òun fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Ìtìjú yìí dára ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó sì ti sọ ọ́ di ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbàgbé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i.

Ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ ìpàdé ní Sabon Gari. Wọ́n ti to àga, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Kẹ̀kẹ́ arọ ni àwọn ọmọ fi ń tì í kiri. Nígbà kan rí, òun ni ó máa ń dá orin fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Nísinsìnyí, bí ó bá máa wá sí ìpàdé, kò ní fi omi kan ẹnu láti òwúrọ̀, nítorí ó mọ̀ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ó wà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́, ó sì mọ̀ pé kò sí omi nínú ẹ̀rọ ibẹ̀, garawa ni oníkálukú ń gbé wọlé. Lẹ́yìn ìpàdé méjì tàbí mẹ́ta, yóò ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ yóò ṣófo. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó dàgbà díẹ̀ tí kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, tàbí bàbá bẹ́ẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí ṣíṣe ẹ̀tanú sí àwọn àkàndá ẹ̀dá, òfin tí wọ́n kọ ọdún 2018 mọ́ orúkọ rẹ̀. Òfin náà sọ pé àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ láti dé inú gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò, bí ẹlòmíràn ṣe ń dé ibẹ̀. Ó sì fún àwọn ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, títí kan ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, lè wọlé kí wọ́n sì lò ó. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé òfin ń bọ̀, kò tíì gbọ́ pé òfin ti dé, ó ti fìdí kalẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Àṣẹ Ààrẹ Nọ́ńbà 009 tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kan náà, láti fi òpin sí yíyàgbẹ́ ní gbangba. Àṣẹ náà ka ibi tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́sẹẹsẹ: ilé ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo, ilé ìjọsìn, ọjà, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì. Gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ènìyàn lè dé inú rẹ̀ nínú ọgbà wọn. Ní ti omi fúnra rẹ̀, Àjọ SON, tí ó ń gbé ìdíwọ̀n kalẹ̀ fún ohun gbogbo tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, ti kọ ìdíwọ̀n omi mímu jáde ní ọdún 2007, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní ọdún 2015. Ìlànà Ìkọ́lé ti Orílẹ̀-èdè náà wà láti ọdún 2006. Gbogbo òfin wọ̀nyí ni ó pàdé lórí ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní Zaria, omi àti ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá gbé ìlú yìí pẹ́ mọ̀ bí omi ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ìsédò orí odò Galma ni ó ń fún ìlú ní omi ẹ̀rọ, ìsédò Kubanni sì ń bọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ó ń gbé ìgbé ayé wọn lórí kànga, lórí kànga ẹ̀rọ, àti lórí kẹ̀kẹ́ mai ruwa tí ó ń to jálá omi kiri. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, owó jálá á gun òkè. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ méjì lè gbé garawa, kí ó da omi sí ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń yí táyà. Afọ́jú ńkọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ọ̀pá? Nítorí náà, ẹgbẹ́ lè wó àtẹ̀gùn, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n fẹ ilẹ̀kùn, kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, síbẹ̀ ní ọjọ́ tí omi kò bá sí nínú ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ tún un ṣe.

Táńkì orí òkè ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹgbẹ́ rò, lẹ́yìn náà ni iye omi tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ń mu. Àwọn àpótí omi àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ lè da nǹkan bí lítà 13 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992 sọ iye náà di lítà 6 láti ọdún 1994. Ní ìlú Ọba, ìlànà ọdún 1999 ṣe bákan náà fún gbogbo èyí tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2001. Kí ẹgbẹ́ ṣírò rẹ̀ fún ara wọn: táńkì lítà 1,000 yóò ṣan àpótí àtijọ́ ní ìgbà 76, yóò sì ṣan ti lítà 6 ní ìgbà 166. Níbi ìgbéyàwó tí èrò rẹ̀ tó 200, ìyàtọ̀ iye méjì yìí ni ìyàtọ̀ láàárín omi tí ó dé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ àti omi tí ó tán kí wọ́n tó gbé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki bíríkì sínú àpótí àtijọ́ kí ó lè dín omi rẹ̀ kù, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìjókòó tí wọ́n mọ fún lítà 13 kò lè fi omi díẹ̀ gbá ìdọ̀tí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ènìyàn yóò ṣàn án, omi tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ yóò sì tún jáde.

Omi mìíràn tún wà tí ń lọ láìsí ẹni tí ó lò ó. Rọ́bà ìsàlẹ̀ àpótí máa ń gbó, omi á sì máa ṣẹ́ jáde lóru, láìdún. Ọ̀nà láti mọ̀ kò ṣòro: kí wọ́n da ife zobo díẹ̀ sínú àpótí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láìṣàn án. Bí àwọ̀ pupa bá yọ nínú ìjókòó, rọ́bà náà ti lọ. Owó rọ́bà kò tó owó jálá omi tí yóò jò dànù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ìwọ̀n, àwọn tí ó ti ń ṣe é tipẹ́ ni ó yẹ kí a wò. Ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2010, lábẹ́ òfin ọdún 1990 tí wọ́n ṣe fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, ni àwọn ayàwòrán ilé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ máa ń wò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 81 ó lé díẹ̀. Nínú ilé náà, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ lè yí po ní àyè tí ó tó mítà kan ààbọ̀. Gíga ìjókòó láti ilẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 43 àti 48, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè ti ara rẹ̀ bọ́ sí i láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀. Irin ìdìmú wà ní gíga sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91. Etí àwo ìfọwọ́ kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 86 lọ, abẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí orúnkún lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè ṣí láìfún un pọ̀ àti láìlọ́ ọ, irú èyí tí ó ní apá gígùn tí ènìyàn lè fi ìgunpá tì. Ìyá tí oríkèé ń dùn yóò dúpẹ́ fún èyí ju ẹni orí kẹ̀kẹ́ lọ. Bí ilé bá há, kí ilẹ̀kùn ṣí síta. Bí ènìyàn bá ṣubú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ara onítọ̀hún ni yóò dí ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà á là.

Àwọn mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ mọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ìyẹn ni ibi àlùwàlá. Ìjókòó kéékèèké tí wọ́n fi bíríkì mọ síbẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Bàbá ẹni 70 ọdún tí ó bá jókòó síbẹ̀ yóò wá ẹni tí yóò fa òun dìde. Ìjókòó méjì tí ó ga díẹ̀ láàárín mẹ́wàá, irin ìdìmú kan, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbígó rẹ́ dípò táì dídán, kò pọ̀ jù fún mọ́ṣáláṣí kankan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú gan-an nìyí: ilé wọn lè bá òfin mu ní ọjọ́ ìṣílé, kí ó má bá a mu mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète ibi. Ọjọ́ àtúnṣe ni òfin máa ń jò dànù. Ẹ̀rọ omi onípá gígùn kan bàjẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìnáwó wà lọ́la. Akápò na owó díẹ̀ sí plọ́ńbà. Plọ́ńbà sáré lọ sí ọjà, ó ra èyí tí owó náà ká, olórí róbótó tí ó le bí òkúta. Omi ń yọ, gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Àgbàlagbà tí kò lè lọ́ ọ kò rí ẹni sọ fún. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, irin ìdìmú yẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà. Ìjókòó gíga fọ́, wọ́n fi kúkúrú dípò rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó fẹ̀, tí àyè wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sì wá ń kó àga àti ìkòkò ẹgbẹ́ sí. Ẹ̀bi plọ́ńbà kọ́. Ohun tí wọ́n rán an ni ó jẹ́: kí omi yọ. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé tí ó sọ irú ẹ̀rọ tí ó gbọ́dọ̀ rà.

Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i: gíga ìjókòó, iye lítà àpótí, irú ẹ̀rọ ìfọwọ́, ibi tí irin ìdìmú wà, ọjọ́ tí wọ́n fọ táńkì kẹ́yìn. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá akápò, nítorí ọ̀dọ̀ akápò ni plọ́ńbà ti ń gba owó. Kí ohun tí ó bá bàjẹ́ tó kúrò lára ògiri, ìwé náà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí òfin bá yí padà, ojú ewé kan náà ni wọn yóò tún kọ, kì í ṣe gbogbo ilé ni wọn yóò wó.

Ìmọ́tótó omi náà wà lára iṣẹ́ yìí, ó sì ní àwọn ewu tí ojú kì í rí. Ìdíwọ̀n Àjọ SON sọ pé òjé inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju ìdá ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù kan lọ nínú lítà omi kan. Òjé kò dùn lẹ́nu, kò sì rùn. Ó lè ti inú idẹ tí wọ́n fi rọ ẹ̀rọ omi olówó pọ́ọ́kú wá, pàápàá nígbà tí omi bá sùn mọ́jú nínú páìpù. Zamfara tí ó bá Kaduna pa ààlà ti kọ́ gbogbo ìhà Àríwá ní ohun tí òjé lè ṣe: ní ọdún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni ó kú níbẹ̀ nítorí òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé. Ti Zamfara kò ti inú omi wá ní tààrà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, orí ọmọdé kan náà ni ó sì ń bà jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń darí kò gbọdọ̀ ra ẹ̀rọ omi tí kò ní àmì àyẹ̀wò kankan lára. Ní àárọ̀ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí omi kọ́kọ́ ṣàn díẹ̀ sínú garawa ìfọlẹ̀ kí ọmọ tó mu ún.

Ewu kejì ni ẹ̀rọ ìfami tí àwọn kan ń so mọ́ páìpù ìjọba ní tààrà nígbà tí omi bá ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fà, ó ń fa ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí ibi tí páìpù ti lù, ìdọ̀tí gọ́tà pẹ̀lú. Ohun kan náà ni ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n ki bọ inú garawa omi ìfọlẹ̀ ń ṣe: nígbà tí omi páìpù bá dáwọ́ dúró lójijì, páìpù lè fa omi garawa náà sẹ́yìn. Kí omi ìjọba kọ́kọ́ bọ́ sínú táńkì ilẹ̀ láti òkè, kí àyè wà láàárín ẹnu páìpù àti ojú omi, lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀rọ fà á lọ sí táńkì òkè. Kí ọ̀pá rọ́bà má sì rì sínú garawa. Ní ti ẹgbẹ́ tí ó ní kànga, àwọn onímọ̀ máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ó jìnnà sí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30. Ilẹ̀ Sabon Gari há, kì í sábà ṣeé ṣe. Ibi tí kò bá ti ṣeé ṣe, kí omi kànga náà wà fún ìfọlẹ̀ àti ìṣan ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan, kí wọ́n má fi í sí ẹnu.

Àwọn kan yóò ní, "Kò sí àkàndá ẹ̀dá nínú ẹgbẹ́ wa." Kí wọ́n béèrè ìdí. Àwọn mìíràn yóò ní ilé àyágbé ni àwọn ń lò, pé onílé kò gbà kí wọ́n wó ohunkóhun. Òfin ti rò ó: ẹni tí ìdíwọ́ bá wà fún lè kọ̀wé sí aláṣẹ ibẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n mú ìdíwọ́ náà kúrò, láìfi ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lọ sí ilé ẹjọ́ dù ú. Ẹgbẹ́ lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí onílé, wọ́n sì lè kọ ọ́ sí báńkì tàbí ọ́fíìsì tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òfin náà kì í fi ẹnu lásán jẹni níyà. Iléeṣẹ́ tí ó bá ṣe ẹ̀tanú sí àkàndá ẹ̀dá lè san ₦1,000,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá fi òǹtẹ̀ lu àwòrán ilé tí kò bá ìlànà mu náà wà nínú ewu ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n, nítorí náà kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́lé tuntun fi ìwọ̀n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn kedere nínú àwòrán tí wọn yóò gbé lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ KASUPDA.

Owó ni ọ̀rọ̀ tí yóò gbẹ̀yìn, òun sì ni yóò pọ̀ jù lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò ṣe lọ́jọ́ kan. Fífẹ ilẹ̀kùn àti wíwó àtẹ̀gùn gba owó. Irin ìdìmú, rọ́bà àpótí àti ẹ̀rọ omi onípá gígùn kò gba púpọ̀. Kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ gbọ̀ngàn jù, kí wọ́n sì kó ìkòkò kúrò nínú rẹ̀. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yá kẹ̀kẹ́ arọ kan, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ jókòó sí i, kí ó sì ti ara rẹ̀ láti ẹnu géètì dé ibi àwo ìfọwọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ó bá ti há, kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ ibẹ̀. Láti orí àmì náà ni bíríkìlà àti plọ́ńbà yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.